Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Ara: Ìdáhùn sí Ìwé Kan láti Ìrèsì

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ìrèsì, ìlú olókè tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ní ìhà Ọ̀tán Ayégbajú àti Ìgbájọ. Abiyamọ kan ni ó kọ ọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀ràn inú ilé ni. Ṣùgbọ́n ó gbà wá láyè láti sọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà, nítorí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀ràn náà kàn.

Èéyi mú àkọ́bí rẹ̀, ọmọkùnrin, nígbà tí ó pé ọdún kan àti ààbọ̀. Ara ọmọ náà gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́, èéyi sì sú bò ó láti ojú dé ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ohun tí ó sú náà gbẹ, awọ rẹ̀ ń bó, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ikọ́ mìíràn fi dé, pẹ̀lú ibà àti mímí gúlegúle. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó fi ṣe é, ọmọ sì lọ. Nísinsìnyí abiyamọ yìí ti tún bí, obìnrin ni, ọmọ náà sì ti pé oṣù mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera sọ fún un pé bí oṣù kẹsàn-án bá pé, kí ó gbé e wá gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ kò gbà. “Èéyi kọ́ ni ó pa ti àkọ́kọ́,” ni màmá wí. “Ojú gbogbo wa ni èéyi ṣe lọ. Kí ni a ó wá máa gún èyí ní abẹ́rẹ́ sí, nítorí ohun tí kò pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀?”

Nọ́ọ̀sì náà ṣe àlàyé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, abiyamọ yìí kò sì rí èyí tí yóò gbé dé iwájú ìyá ọkọ rẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́,” ni ó kọ, “ìwàásù kọ́ ni mo ń tọrọ. Ọ̀rọ̀ ni mo ń tọrọ, irú èyí tí màmá yóò gbọ́.”

A ka ìwé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbéèrè màmá kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ẹni tí ó lajú sílẹ̀ ni ó lè bèèrè rẹ̀: ó rí i pé èéyi lọ, ó sì rí i pé ohun mìíràn ni ó wá mú ọmọ. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ pàápàá kò lè dá irú ìbéèrè yìí lóhùn délẹ̀. Nítorí náà a ó gbìyànjú láti kó ọ̀rọ̀ jọ fún abiyamọ yìí, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí màmá ti mọ̀ kí á tó bí òun àti àwa.

Ọ̀rọ̀ náà ni àjẹsára. Kí ilé ìwòsàn tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń pe oògùn tí a jẹ sínú ara de ibi tí kò tí ì dé ní àjẹsára. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti pé tó: a ti jẹ ẹ́, ó sì ti wà nínú ara. Kì í ṣe oògùn tí a ń wá nígbà tí àìsàn ti wọlé. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, ọ̀rọ̀ yìí náà ni a gbé fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í jẹ abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni bupá. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí àpá rẹ̀ wà ní apá púpọ̀ nínú wọn, níbi tí a ti bu upá fún wọn nítorí ṣànpọ̀nná. Kí abiyamọ yìí rọra wo apá màmá. Ó ṣeé ṣe kí ó rí i níbẹ̀. Ṣànpọ̀nná yìí, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ilẹ̀gbóná tàbí ọlọ́de nítorí ìbẹ̀rù, kò sí ní ayé mọ́. Ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, àpéjọ ètò ìlera gbogbo àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán pátápátá.

Kí bupá tó dé rárá, àwọn baba wa ti ṣàkíyèsí ohun kan nípa ṣànpọ̀nná: ẹni tí ó bá mú tí kò sì kú, kì í tún mú un mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó lè wọ inú yàrá tọ aláìsàn láìbẹ̀rù, tí yóò sì gbé oúnjẹ fún un. Wọn kò mọ ohun tí ń fa àrùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ara ẹni náà ti mọ̀ ọ́n. Ara a máa mọ nǹkan, a sì máa rántí. Bí màmá bá gba gbólóhùn yìí, a ti dé ìdajì ọ̀nà.

Ibo ni ara ń fi ìrántí yìí pamọ́ sí, ta sì ni ń rántí? Àwọn ará Ìrèsì kò ní pẹ́ mọ ohun tí a fẹ́ sọ, nítorí àwọn òkè tí ogun Kírìjì ti jà kò jìnnà sí wọn. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ sì wà ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ àgọ́ kò tú títí di 1893. Ìlú tí ó bá la irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọjá mọ ohun tí odi jẹ́, ó mọ oníbodè, ó mọ amí, ó sì mọ alágbẹ̀dẹ tí kì í sùn lóru nítorí ọfà. Gbogbo wọn ni ó wà nínú ara ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn.

Awọ ara ni odi. Ikun imú, itọ́, omijé àti omi kíkan tí ó wà nínú ikùn ni yàrà tí a gbẹ́ yí odi ká. Ọ̀pọ̀ ọ̀tá ni ó ń kú sínú yàrà yìí lójoojúmọ́ tí a kò sì mọ̀ pé wọ́n wá. Àwọn ọ̀tá náà ni a ń pè ní kòkòrò àrùn. Kì í ṣe kòkòrò tí a ń fi ìgbálẹ̀ lé. Ojú lásán kò lè rí i. Oríṣi méjì ni ó yẹ kí á mọ̀ yàtọ̀ nínú wọn. Àwọn kan wà láàyè fúnra wọn, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bí sí i; bakitéríà ni orúkọ wọn, àwọn sì ni ọ̀pọ̀ oògùn oníhóró tí dókítà ń kọ fún wa lè pa. Àwọn kejì kéré jù wọ́n lọ púpọ̀púpọ̀, wọn kò sì lè bímọ àyàfi nínú ara ẹlòmíràn. Fáírọ́ọ̀sì ni à ń pè wọ́n. Fáírọ́ọ̀sì dà bí àjèjì tí ó wọ ilé onílé, tí ó fi ìkòkò onílé àti igi onílé se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Èéyi wà lára àwọn wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí kápúsù tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri ọjà kò fi lè pa èéyi, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pe ìyẹ̀wù kéékèèké tí a fi kọ́ gbogbo ara. Ẹ fi wé bíríkì, ṣùgbọ́n bíríkì tí ó wà láàyè. Nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù ni sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri. Láàárín wọn ni sẹ́ẹ̀lì funfun wà, bóyá ẹyọ kan láàárín pupa 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn funfun wọ̀nyí ni ẹ̀ṣọ́ ara. Inú mùdùnmúdùn eegun ni a ti ń bí wọn, ohun ọ̀rá inú eegun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa fà mu nígbà tí a bá jẹ ẹran tán. Lójoojúmọ́ ni à ń bí tuntun, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ láyé.

Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn ni àwọn oníbodè. Wọn kì í bèèrè orúkọ. Ohunkóhun tí ó bá jọ àjèjì ni wọ́n ń gbé mì. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta tí ibẹ̀ sì di egbò, àwọn ni ó kọ́kọ́ ń dé. Ojú ọgbẹ́ náà yóò pọ́n, yóò gbóná, yóò wú, yóò sì máa dun ọmọ. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ ti ṣí ọ̀nà kí wọ́n lè kọjá. Ọyún tí ń ṣàn jáde níbẹ̀, òkú wọn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbà púpọ̀ ni a máa ń kórìíra ọyún, ó sì tọ́ kí á wẹ̀ ẹ́ nù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú síbẹ̀ kò kú lásán. Ibà náà, iná tí ìlú dá ni, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀tá kì í gbádùn ooru. Iná a sì máa jó ilé nígbà mìíràn, nítorí náà ibà ọmọdé kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ lẹ́rán wò.

Ẹ fọwọ́ kan ibi tí itan ọmọ ti pàdé ikùn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ní egbò. Ẹ ó bá kókó kan níbẹ̀, tí ó ń dùn ún. Irú kókó bẹ́ẹ̀ wà ní abẹ́ apá àti ní ọrùn pẹ̀lú. Kì í ṣe àrùn ni ó sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ láti ẹsẹ̀, bí àwọn ẹlòmíràn ti rò. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀dẹ ìlú. Àwọn amí a máa lọ sí ojú ogun, wọ́n a ṣí fìlà lórí ọ̀tá tí ó kú, wọ́n a sì gbé fìlà náà wá sí inú kókó. Ọ̀kẹ́ àìmọye alágbẹ̀dẹ ni ó jókòó níbẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì mọ̀ ju irú ọfà kan ṣoṣo lọ. Amí yóò máa fi fìlà hàn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, títí yóò fi bá ẹni tí ọfà rẹ̀ bá fìlà náà mu. Alágbẹ̀dẹ yìí yóò wá di méjì, yóò di mẹ́rin, yóò di ọgọ́rùn-ún, yóò di ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyí tí kókó fi ń wú. Wọn yóò tú ọfà wọn dà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà pẹ̀lú, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá ilé tí fáírọ́ọ̀sì ti gbà kiri, kí wọ́n sì wó ilé náà pẹ̀lú àjèjì inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ni ó wà nínú èyí: ó ń gba ọjọ́. Láti ìgbà tí amí bá ti gbé fìlà dé títí ọfà yóò fi pọ̀ tó, ọ̀sẹ̀ kan lè lọ, ó sì lè jẹ́ méjì. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni àìsàn ń lu ọmọ, nígbà mìíràn ilé a sì ṣófo kí ọfà tó dé.

Bí ogun bá ṣẹ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn alágbẹ̀dẹ náà yóò kú. Àwọn díẹ̀ kì í kú. Wọn yóò jókòó jẹ́ẹ́, wọn yóò sì máa rántí fìlà náà. Àwa ń pe àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀ṣọ́ arántí. Bí ọ̀tá kan náà bá tún yọjú, kò sí pé à ń fi fìlà kiri mọ́. Ọfà ti wà nílẹ̀, ọmọ kò sì ní mọ̀ pé ohun kan wá. Ìrántí yìí lè pẹ́ tó ẹ̀mí ènìyàn. Ní àwọn erékùṣù Faroe, ní òkun àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, èéyi jà ní 1781, kò sì tún dé ibẹ̀ mọ́ títí di 1846. Nígbà tí ó padà dé, ó mú púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ará ibẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Peter Panum rí i pé àwọn arúgbó tí èéyi ti mú ní 1781 kò ní in rárá ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Ọdún 65 ni ara wọn ti fi rántí.

Ọmọ tuntun kò tí ì bá ẹnikẹ́ni jà; kí ni ó ń gbé e ró? Ìyá rẹ̀ ni ó yá a ní ọfà. Nígbà tí ó wà nínú oyún, ọfà ìyá ń gba inú olóbì wọ ara rẹ̀, àti lẹ́yìn ìbí, ọmú ìyá tún ní tirẹ̀ nínú, pàápàá omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n, tí ó sì ki. Àwọn kan ń fún un dànù, wọ́n ní ó dọ̀tí. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní àjẹsára àyálò. Bí gbogbo ohun tí a yá, ó ní ọjọ́ tí yóò padà: ọfà náà ń tán díẹ̀díẹ̀, ọmọ kò sì mọ bí a ti ń rọ òmíràn. Bí a bá gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èéyi nígbà tí ọfà ìyá ṣì pọ̀, ọfà ìyá yóò pa ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ọmọ tó rí i. Bí a bá sì pẹ́ jù, odi ti ṣí sílẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe mú oṣù kẹsàn-án ní ilẹ̀ wa. Nọ́ọ̀sì kò kàn fẹnu yan oṣù náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ibi tí ìbéèrè màmá wà.

Ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn a máa sá fún ẹ̀ṣọ́. Èéyi kì í sá. Ẹ̀ṣọ́ gan-an ni ó ń wá. Ó ń gba imú àti ọ̀nà ọ̀fun wọlé, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà rìn. Bí ẹni tí ó ní in bá jáde nínú yàrá, ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà fún wákàtí méjì. Nínú ènìyàn 10 tí kò ní àjẹsára rẹ̀ tí ó bá sún mọ́ ọn, bí 9 ni yóò mú. Nígbà tí ó bá wọlé tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ni ó ń wọ̀ sínú, àwọn ẹ̀ṣọ́ arántí sì ni ó fẹ́ràn jù. Ó ń bímọ nínú wọn, ó sì ń pa wọ́n. Ní ìkẹyìn ara yóò rí ọfà èéyi rọ, yóò sì lé e jáde. Awọ yóò bó, ojú yóò mọ́, ìyá yóò sì sọ pé ó ti tán. Òótọ́ ni, èéyi ti tán, kò sì ní mú ọmọ náà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mọ fìlà ikọ́, tí wọ́n mọ fìlà ìgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n mọ ti gbogbo àìsàn tí ọmọ náà ti bá jà rí láti ìgbà tí a ti bí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá a lọ.

Ẹ fojú inú wo ìlú kan tí ọ̀tá wọ̀ ní òru. Kò jó ilé, kò kó ẹrú. Àwọn àgbà tí ó mọ ààlà oko nìkan ni ó pa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ àwọn ará ìlú ka ara wọn, wọ́n ní ogun náà kò le. Ní oṣù kejì, àjèjì kan dé, ó gba oko láàárín ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tí ó lè dìde sọ pé oko kì í ṣe tirẹ̀.

Ọdún 2019 ni a rí ẹ̀rí èyí kedere. Àwọn onímọ̀ ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 77 ní ilẹ̀ Netherlands, tí àwọn òbí wọn kò fún ní abẹ́rẹ́, kí èéyi tó mú wọn, wọ́n sì tún gbà á lẹ́yìn tí èéyi lọ. Wọ́n ka oríṣiríṣi ọfà tí ó wà nínú rẹ̀. Ó wá hàn pé láti ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ìdá 73 nínú ọfà tí ọmọ ní sí àwọn àrùn mìíràn ti pòórá. Nínú àwọn ọmọ tí a gún ní abẹ́rẹ́, kò sí irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ṣáájú èyí, ní 2015, àwọn kan ti yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ikú ọmọdé wò ní Gẹ̀ẹ́sì, Wales, Amẹ́ríkà àti Denmark, wọ́n sì rí i pé ibi tí èéyi bá ti jà, ikú ọmọ láti ọwọ́ àwọn àrùn mìíràn ń pọ̀ sí i fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà.

A kò rí ọmọ Ìrèsì yìí, a kò sì lè búra lórí ohun tí ó mú un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó yè bọ́ lọ́wọ́ èéyi, tí ikọ́ mìíràn sì mú un lọ ní oṣù kejì, ó jọ ohun tí ìwé wọ̀nyí ń sọ jù kí á sọ pé kò bá a mu lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ní ọ̀nà jíjìn nìkan ni à ń sọ. Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí Ìrèsì. Ẹni tí ó bá dé Ìgbájọ ti ń sún mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tí ó ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà wá, ti dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, ní apá ìparí àwọn ọdún 1950. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń wọn àwọn ọmọ, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n náà sínú káàdì tí ìyá ń mú lọ sí ilé. Láti ara káàdì wọ̀nyí ni wọ́n ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ti mọ̀ tipẹ́: lẹ́yìn èéyi, ìlà ìwọ̀n ọmọ a máa já wálẹ̀, a sì máa pẹ́ kí ó tó tún gòkè. Morley kígbe èyí sí etí ayé ní àkókò tí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè ń wo èéyi bí àìsàn kékeré. Ní 1960, Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá John Enders ṣe abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́ ní Boston, wá sí agbègbè Iléṣà, a sì dán abẹ́rẹ́ náà wò lára àwọn ọmọ wa, ọdún mẹ́ta kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún títà ní 1963. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà le, ara ọmọ a máa gbóná gan-an. A ti rọ̀ ọ́ gidigidi láti ìgbà náà wá. Káàdì tí nọ́ọ̀sì ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lónìí, irú-ọmọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni púpọ̀ nínú wọn.

Kí ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà? Kòkòrò èéyi ni, ṣùgbọ́n a ti yọ eyín rẹ̀. Amí yóò ṣí fìlà rẹ̀, alágbẹ̀dẹ yóò rọ ọfà, ẹ̀ṣọ́ arántí yóò jókòó, kò sì ní pa àgbà kankan. Bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ sú díẹ̀, àgbẹ̀dẹ ni ó ń ṣiṣẹ́. A kò ní tan yín: abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Nínú ọmọ 100 tí a gún ní oṣù kẹsàn-án, bí 85 ni yóò ní àjẹsára. Nítorí àwọn yòókù ni a ṣe ń tún un ṣe ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Abẹ́rẹ́ náà kì í sì fẹ́ ooru. Bí kò bá sí nínú yìnyín láti ibi tí a ti ṣe é títí dé apá ọmọ, omi lásán ni yóò dà. Ọmọ tí ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ti rẹ̀ jọjọ, nítorí àrùn éèdì tí kò tí ì gba ìtọ́jú tàbí nítorí oògùn líle kan, dókítà ni kí ó kọ́kọ́ wò ó.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn tí ń ta àgbo nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń sọ pé tiwọn ń sọ ẹ̀ṣọ́ ara di alágbára. A máa ń bi wọ́n pé, ẹ̀ṣọ́ wo nínú wọn? Ẹ̀ṣọ́ tí ó lágbára ju bí ó ti yẹ a máa yìnbọn lu ewúrẹ́ ará ilé. Ọmọ tí ó jẹ edé tí ètè rẹ̀ wú, àgbà tí ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ dìde sí oríkèé ara òun tìkára rẹ̀, kì í ṣe agbára ni ó ṣaláìní. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti epo pupa ni ẹ̀ṣọ́ ń jẹ, kò sì sí ọkọ̀ tí a ní láti wọ̀ kí á tó rí wọn. Pàápàá nígbà tí èéyi bá ń ṣe ọmọ, ẹ má ṣe fi ẹran àti ẹyin dù ú, bí a ti ń ṣe ní ilé mìíràn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera. Wọn yóò fún un ní fítámìn A ní ọjọ́ méjì tẹ̀léra, nítorí ojú rẹ̀ lè fọ́.

Nísinsìnyí, ọmọ wa ní Ìrèsì, bí ó bá jẹ́ àwa ni ó kúnlẹ̀ níwájú màmá, ohun tí a ó sọ nìyí: “Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wa. Òótọ́ ni ẹ sọ, èéyi lọ ní ojú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó pa àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń rántí nínú ara ọmọ yín. Nígbà tí ikọ́ dé, kò bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Upá tí wọ́n bù fún yín ni ó kọ́ ara yín kí ṣànpọ̀nná tó dé. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ara ti ọmọ yìí náà, kí ọfà tí mo yá a tó tán.” Kí o sinmi níbẹ̀. Bí màmá bá sọkún nítorí ti àkọ́kọ́, má ṣe sọ̀rọ̀ lórí ẹkún náà.

Bí ó bá gbà, bẹ̀ ẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pọn ọmọ náà lọ. Mú káàdì rẹ̀ dání, kí o sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ìgò abẹ́rẹ́ èéyi, nítorí ọmọ púpọ̀ ni ìgò kan ń tó fún, wọn kì í sì í ṣí i lójoojúmọ́ ní ilé ìlera kékeré. Jẹ́ kí ó kọ ọjọ́ ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ kí ẹ tó padà. A ó máa retí ìwé rẹ.